Orílẹ̀-Èdè Kan, Ẹkùn Mẹ́ta: Awuyewuye Lórí Bí Wọ́n Ṣe Ń Pín Áfíríkà

Ní oṣù kejì ọdún 2024, ipò alága Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, AU, kan ẹkùn Àríwá. Ẹkùn márùn-ún ni àjọ náà pín ilẹ̀ Áfíríkà sí, ọdọọdún sì ni ipò alága ń kúrò lọ́wọ́ ẹkùn kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn. Àlgéríà àti Mòrókò ni gbogbo ojú ń wò, ṣùgbọ́n aládùúgbò tí kì í kí ara wọn ni wọ́n: láti ọdún 2021 ni Àlgéríà ti gé okùn àjọṣe tó wà láàárín wọn. Ọ̀kan ò gbà kí èkejì jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ di fà-á-ká-fà-á, àfìgbà tí wọ́n fa Mauritáníà kalẹ̀, tí Ààrẹ ibẹ̀, Mohamed Ould Ghazouani, fi jókòó sípò lórúkọ Àríwá.

Bí ẹni tó mọ ìtàn ECOWAS, àjọ ọrọ̀ ajé àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn, bá gbọ́ èyí, ẹ̀rín á fẹ́ pa á. Mauritáníà wà lára orílẹ̀-èdè 15 tó tọwọ́ bọ ìwé tó dá ECOWAS sílẹ̀ nílùú Èkó ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975. Ará Ìwọ̀-Oòrùn pọ́ńbélé ni nígbà náà. Ní 1989, òun àti Mòrókò, Àlgéríà, Tùnísíà àti Líbíà dá ẹgbẹ́ Maghreb sílẹ̀ ní Marrakesh. Nígbà tó sì di 2000, ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ECOWAS pátápátá. Ẹgbẹ́ tó torí rẹ̀ sún mọ́ Àríwá náà ò sì ṣe nǹkan gidi: láti 1994 ni àwọn olórí rẹ̀ kò ti ṣe àpérò mọ́.

Ẹ wá wo ibi tí àwọn mìíràn fi Mauritáníà yìí sí. Nínú ìwé ìṣirò àjọ UN, Ìwọ̀-Oòrùn ló wà, ó fẹ̀gbẹ́ kan Sẹ̀nẹ̀gàl àti Málì. Lórí pápá bọ́ọ̀lù, WAFU, ẹgbẹ́ àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn, ló ń bá ṣeré. IMF, àjọ tó ń yá àwọn ìjọba lówó, kó o pọ̀ mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá ti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn ayé. Báńkì Àgbáyé, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ dojú kọ ti IMF ní òdìkejì títì ní Washington, ní rárá o, ara àwọn tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà ni. Bẹ́ẹ̀, Mauritáníà ò sún kúrò níbi tó wà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju èyí lọ: kò sí ẹkùn Áfíríkà kan tí Ọlọ́run fi odò tàbí òkè là sọ́tọ̀. Gbogbo ìpín tó wà nílẹ̀ ló ní ẹni tó pín in, onítọ̀hún sì ní ohun tó fẹ́ fi ìpín náà ṣe: bóyá ipò ló fẹ́ pín, tàbí owó, tàbí oògùn, tàbí kó kàn fẹ́ rí ibi to ìṣirò sí. Ìjà tí a ń gbọ́ lórí ẹkùn, orí ohun tí wọ́n fẹ́ pín ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Máàpù kàn ń gba ẹ̀bi ni.

Àwọn amúnisìn ló kọ́kọ́ fa ilà tó hàn títí dòní. Ní 1895, Faransé kó àwọn ilẹ̀ tó gbà lápá ibí jọ lábẹ́ orúkọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti Faransé; Dakar di olú ìlú rẹ̀ ní 1902. Dahomey, tó ń jẹ́ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ báyìí, bọ́ sínú rẹ̀, Mauritáníà náà bọ́ sí i. Ní 1910, ó tún kó Gàbọ́ọ̀nù, Kóńgò, Ubangi-Shari àti Chad jọ, ó fi Brazzaville ṣe olú ìlú tiwọn. Ìjọba méjèèjì yìí ti tú ká tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wo owó sẹfà. Ìyá wa tó ń tajà ní Dantokpa, ní Cotonou, báńkì tó wà ní Dakar ló ni owó tó dì mọ́ etí ìró rẹ̀. Bó bá gbé owó yẹn lọ sí ọjà Douala, wọn ò ní gbà á, torí báńkì Yaoundé ló ni tibẹ̀. Orúkọ kan náà làwọn èèyàn ń pè é, iye kan náà ni wọ́n so ó mọ́ lára owó Yúróòpù, síbẹ̀ ọ̀kan ò lè ra ata lọ́jà èkejì. Ilà tí Faransé fà láàárín Dakar àti Brazzaville ṣì wà nínú àpò àwọn ènìyàn.

Lẹ́yìn òmìnira, àwọn olórí wa fúnra wọn jókòó láti pín in. Ní 1976 ni OAU, àjọ tó wà kí AU tó dé, fẹnu kò sí ẹkùn márùn-ún: Àríwá, Ìwọ̀-Oòrùn, Àárín Gbùngbùn, Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù. Lónìí, orílẹ̀-èdè 7 ló wà ní Àríwá, 15 ní Ìwọ̀-Oòrùn, 9 ní Àárín Gbùngbùn, 14 ní Ìlà-Oòrùn, 10 ní Gúúsù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 55. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ pín in ò pamọ́: kí ipò lè kárí.

Ẹ mú Ìgbìmọ̀ Àlàáfíà àti Ààbò ti AU, àwọn tó ń pinnu ibi tí àjọ náà yóò kó ọmọ ogun lọ àti ìjọba ológun tí wọ́n máa já kúrò nínú ẹgbẹ́. Àga 15 ló wà níbẹ̀. Ìwọ̀-Oòrùn ní mẹ́rin, Àríwá ní méjì, ẹkùn mẹ́ta yòókù ní mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Orílẹ̀-èdè 14 ló ń du àga mẹ́ta ní Ìlà-Oòrùn, mẹ́sàn-án péré ló ń du irú àga mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ní Àárín Gbùngbùn. Rùwáńdà àti Bùrúndì fara kanra, Bẹ́ljíọ̀mù ló ṣàkóso àwọn méjèèjì pa pọ̀ lábẹ́ orúkọ Ruanda-Urundi, ẹni tó ń sọ èdè ọ̀kan ń gbọ́ ti èkejì. AU fi Rùwáńdà sí Ìlà-Oòrùn, ó fi Bùrúndì sí Àárín Gbùngbùn. Ẹni tó bá ń wá àga nínú ìgbìmọ̀ yẹn, ọ̀nà Bùrúndì ló fẹ̀ jù. Ní Ìwọ̀-Oòrùn tiwa ńkọ́? Láti 2004 tí ìgbìmọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni Nàìjíríà ti jókòó síbẹ̀ tí kò dìde. Àga mẹ́ta tó kù ni àwọn 14 yòókù ń gbà láàárín ara wọn, wọ́n sì ti gbà pé bó ṣe máa rí nìyẹn.

Èyí tó tún gba àròjinlẹ̀ ni ìbò tí wọ́n di ní Addis Ababa ní oṣù kejì ọdún 2025 láti yan alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ AU lójoojúmọ́. Ìlà-Oòrùn ni ipò yẹn kàn. Àwọn mẹ́ta ló jáde: Raila Odinga láti Kẹ́ńyà, Mahmoud Ali Youssouf láti Djibouti, àti Richard Randriamandrato láti Madagásíkà. Madagásíkà kẹ̀? Erékùṣù tó dojú kọ Mòsámbíìkì, tó sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ SADC, àjọ àwọn ará Gúúsù? Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé Ìlà-Oòrùn ni AU kọ ọ́ sí. SADC wá kọ̀wé sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọmọ tiwọn ni kí wọ́n dìbò fún. Ọkùnrin kan ṣoṣo, ó gba ẹnu ọ̀nà Ìlà-Oòrùn wọlé, ó ń wá ìbò lọ́dọ̀ àwọn ará Gúúsù! Kò wọlé ṣá. Ìgbà keje tí wọ́n dìbò ni Youssouf tó rí ìbò 33 tó fi borí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí alága ọlọ́dọọdún. Mauritáníà ṣe é ní 2024 lórúkọ Àríwá. Lójú UN, Ìwọ̀-Oòrùn ni. Àngólà ṣe é ní 2025 lórúkọ Gúúsù. Lójú UN, Àárín Gbùngbùn ni. Bùrúndì ni wọ́n yàn fún 2026 lórúkọ Àárín Gbùngbùn. Lójú UN, Ìlà-Oòrùn ni. Mẹ́ta léra wọn! Bí ìwé UN bá jẹ́ òfin AU, kò sí èyí tó máa gba ipò náà lórúkọ ẹkùn tó fi gbà á.

Ìwé UN tí mo ń sọ yìí, M49 ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ka ìṣirò àjọ náà ló ni ín, nọ́ńbà ló sì kún inú rẹ̀: Nàìjíríà ni 566, Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ ni 204, Tógò ni 768, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lápapọ̀ jẹ́ 011. Àwọn tó ṣe é kọ ọ́ sínú rẹ̀ gbangba pé nítorí kí ìṣirò lè rọrùn làwọn ṣe pín in bẹ́ẹ̀, àwọn ò fi sọ ibi tí orílẹ̀-èdè kankan fì sí nínú òṣèlú. Ìkìlọ̀ tó dáa ni. Àmọ́ ìwé ìròyìn mélòó ló ń tẹ ìkìlọ̀ yẹn mọ́ ìṣirò tó bá mú nínú rẹ̀?

Sìmbábúè ni 716. Bí ènìyàn bá dúró létí odò Limpopo ní Beitbridge, orílẹ̀-èdè South Africa ló ń wò ní òdìkejì afárá. Southern Rhodesia ni àwọn amúnisìn pe ibẹ̀, ìyẹn ni pé Gúúsù ti wà nínú orúkọ rẹ̀ kó tó gba òmìnira. Inú SADC ló wà. Síbẹ̀, M49 fi Sìmbábúè sí Ìlà-Oòrùn pẹ̀lú Kẹ́ńyà àti Somalia, ó sì kó Sámbíà, Màláwì àti Mòsámbíìkì tẹ̀ lé e.

Ta ló wá ṣẹ́ kù sí Gúúsù? Márùn-ún péré: South Africa, Bòtswánà, Lèsóthò, Nàmíbíà àti Ẹswátínì. Ẹni tó bá mọ ìtàn owó ibodè á dá orúkọ márààrún mọ̀. Àwọn ni ọmọ ẹgbẹ́ SACU, àdéhùn owó ibodè tí South Africa bá àwọn ilẹ̀ mẹ́ta tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1910, tí Nàmíbíà bọ́ sí nígbà tó gba òmìnira ní 1990. Yálà àwọn oníṣirò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí wọn ò mọ̀ọ́mọ̀, ilà tí àwọn agbowó ibodè fà ní 1910 ni ìṣirò UN ń tọ̀ títí dòní.

Kí ni wàhálà ibẹ̀? Ètò ìkànìyàn tí South Africa ṣe ní 2022 ka mílíọ̀nù 62. Nàmíbíà ka mílíọ̀nù mẹ́ta ní 2023. Bòtswánà àti Lèsóthò, mílíọ̀nù méjì àti díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹswátínì, mílíọ̀nù kan àti díẹ̀. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó wà ní ẹkùn Gúúsù ti UN, bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ ará South Africa. Torí náà, bí ẹ bá rí ìdá àwọn tí kò ríṣẹ́, tàbí ìdá àwọn tó ní kòkòrò àrùn éèdì lára, tí wọ́n kọ “Gúúsù Áfíríkà” sí lórí, tó sì jẹ́ inú ìwé UN ni wọ́n ti mú un, ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ fún yín, wọ́n kàn da ẹ̀wù ẹkùn bò ó ni. Ẹ fi Àngólà, Mòsámbíìkì, Màláwì, Sámbíà àti Sìmbábúè kún un gẹ́gẹ́ bí AU ti ṣe, kí ẹ wò ó: iye ènìyàn á ju ìlọ́po méjì lọ, ọ̀kẹ́ àìmọye àgbẹ̀ tó ń fọwọ́ ara wọn roko jẹun á wọnú ìṣirò, gbogbo ìdá yẹn á sì yí padà láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ríṣẹ́ tàbí pàdánù iṣẹ́. Ìwọ̀-Oòrùn tiwa náà ò fi bẹ́ẹ̀ bọ́ nínú ọ̀ràn yìí, torí Nàìjíríà nìkan kó bí ìdajì àwọn ènìyàn ibẹ̀. Ohun tó bá ṣe Nàìjíríà, wọ́n á ní ó ṣe Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé wa gan-an ni ẹnubodè Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Ọ̀kan nínú ibi tí AU, UN àti àwọn alábòójútó bọ́ọ̀lù ti fohùn ṣọ̀kan nìyẹn: ibẹ̀ ni Ìwọ̀-Oòrùn parí sí, ibẹ̀ ni Àárín Gbùngbùn ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn ti gbà bẹ́ẹ̀, ènìyàn á rò pé ilà náà ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín Kamẹrúùnù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Jámánì. Apá tó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, láti Nàìjíríà ni wọ́n ti ń ṣàkóso rẹ̀, débi pé àwọn aṣojú láti Buea àti Bamenda ń jókòó nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Enúgu. Ní oṣù kejì ọdún 1961, UN ní kí wọ́n dìbò yan ibi tí wọ́n fẹ́. Apá òkè, níbi tí Mubi wà àti àwọn ìlú orí òkè Mambilla, ní Nàìjíríà làwọn ń bá lọ. Apá ìsàlẹ̀ ní Kamẹrúùnù ni. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ará Bamenda tó jẹ́ ará Ìwọ̀-Oòrùn lánàá di ará Àárín Gbùngbùn láìgbé ìkòkò kúrò lórí iná.

Ti Bakassi, ní ẹnubodè yẹn kan náà, tún sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ, torí ojú wa ló ṣe. Ní 2002, Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé tó wà ní The Hague dájọ́ pé Kamẹrúùnù ló ni ilẹ̀ náà. Ààrẹ Ọbásanjọ́ tọwọ́ bọ àdéhùn ní Greentree, ní Amẹ́ríkà, ní 2006. Ní Calabar, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2008, Nàìjíríà fà á lé wọn lọ́wọ́ tán. Orí ẹni tó ni ilẹ̀ àti epo ni ẹjọ́ náà dá lé. Kò sẹ́ni tó rojọ́ ẹkùn. Àmọ́ ẹ rò ó wò fún apẹja ọmọ Èfìk tó ń gbé ibẹ̀. Ìlànà ECOWAS ti 1979 fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ láyè láti wọ orílẹ̀-èdè mìíràn kó sì lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Ẹ̀tọ́ yẹn lè gbé e dé Cotonou, kó gbé e dé Lomé, kó gbé e dé Dakar. Bó bá gba ìwé ọmọ Kamẹrúùnù, ẹ̀tọ́ yẹn lọ. Bó bá kọ̀ ọ́, tó ní ọmọ Nàìjíríà lòun, ó ti di àlejò lórí ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí. Ìdájọ́ kan, ó sì yọ ọ́ kúrò nínú ẹkùn kan sínú òmíràn láìbi í.

Aṣálẹ̀ Sàhárà ni àwọn mìíràn fi ń pín in. Ìyẹn ni “Áfíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà” tí ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníròyìn. Ká sọ tòótọ́, n kì í fẹ́ràn ìpín yìí rárá. Aṣálẹ̀ gidi ló bo èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Nìjẹ̀r àti Mauritáníà, Báńkì Àgbáyé sì pè wọ́n ní ìsàlẹ̀ Sàhárà síbẹ̀. Sùdáànù ńkọ́? Báńkì Àgbáyé ní ìsàlẹ̀ ni, UN ní Àríwá ni. Kí South Sudan tó gba òmìnira ní ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 2011, gbogbo Sùdáànù pátá ni UN ń kà mọ́ Àríwá, títí kan Juba tí òjò ń rọ̀ sí dáadáa. Lẹ́yìn òmìnira, Khartoum dúró sí Àríwá, Juba bọ́ sí Ìlà-Oòrùn. AU ò yọ ara rẹ̀ lẹ́nu: Ìlà-Oòrùn ló kọ àwọn méjèèjì sí.

Ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ló tiẹ̀ yà mí lẹ́nu jù. Ọ́fíìsì rẹ̀ ní Brazzaville ló ń bójú tó Áfíríkà, àmọ́ kò kan Íjíbítì, Líbíà, Tùnísíà, Mòrókò, Sùdáànù, Djibouti àti Somalia. Ọ́fíìsì Cairo ni tiwọn, wọ́n kà wọ́n mọ́ Lẹ́bánọ́ọ̀nù, Írààkì àti Pàkístánì. Àlgéríà nìkan ló dá dúró ní ẹ̀gbẹ́ Brazzaville láàárín àwọn ará Àríwá ti UN. Bí onígbá-méjì bá bẹ́ sílẹ̀ ní ẹnubodè Kẹ́ńyà àti Somalia, Brazzaville ló ń gba ìròyìn Kẹ́ńyà, Cairo ló ń gba ti Somalia. Àwọn darandaran tó ń da ràkúnmí kọjá ẹnubodè yẹn ò mọ̀ pé ọ́fíìsì méjì ló ń ka àwọn.

Bí ẹ bá rò pé ó parí síbẹ̀, ẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn àjọ ọrọ̀ ajé. Àdéhùn Àbújá ti 1991 ní kí àwọn àjọ ẹkùn jẹ́ òpó tí ọjà àpapọ̀ Áfíríkà máa dúró lé. Ẹkùn márùn-ún ló wà. Òpó mẹ́jọ ni AU bá nílẹ̀. Nígbà tí àwọn olórí pàdé ní Banjul ní 2006, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn ò ní gba òmíràn mọ́. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Kóńgò ti Kinshasa wà nínú mẹ́rin lára wọn: ti Àárín Gbùngbùn, ti Gúúsù, COMESA, àti ti Ìlà-Oòrùn tó wọ̀ ní 2022. COMESA ní ọjà Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù lòun, Lusaka ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹ wá bi mí pé ta ló wọ̀ ọ́ ní 2018. Tùnísíà ni, tó jẹ́ pé òkun ló là á láàárín òun àti Ítálì. Rùwáńdà ní tirẹ̀ kéde ní oṣù kẹfà ọdún 2025 pé òun ń jáde kúrò nínú àjọ Àárín Gbùngbùn, nítorí pé ipò alága kàn án, wọ́n ò sì gbé e fún un. Àbí ẹ ò rí i? Ipò náà ni.

Ní 2017, Mòrókò kọ̀wé pé òun fẹ́ wọ ECOWAS. Àwọn olórí tó pàdé ní Monrovia ní àwọn gbà lórí ìlànà. Ìlànà náà ló ṣì wà dòní. Àwọn oníléeṣẹ́ ńláńlá ní Nàìjíríà pariwo pé ẹrù Yúróòpù á gba Mòrókò wọlé sí ọjà wa láìsan owó ibodè, àwọn kan sì béèrè bí ará Àríwá ṣe fẹ́ di ará Ìwọ̀-Oòrùn. Ìbéèrè kejì yìí ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò lójú tèmi, torí Mauritáníà ti fi Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ di ará Àríwá. Ti ọjà ni ìbéèrè gidi. Nígbà tí Málì, Bùrkínà Fasò àti Nìjẹ̀r sì jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, ECOWAS ku 12. Ìwọ̀-Oòrùn ti AU ò dín, 15 ló ṣì jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka ECOWAS àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí ohun kan náà mọ́.

Àwa Yorùbá ò nílò kí wọ́n ṣàlàyé irú èyí fún wa púpọ̀. Ẹkùn mẹ́fà tí wọ́n ń fi pín ipò ní Nàìjíríà, ibi àpérò òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1994 sí 1995 ló ti gbilẹ̀, Alex Ekwueme sì wà lára àwọn tó jà fún un jù. Kò sí nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999. Síbẹ̀, ará Ọ̀ffà, ará Òmù-Àrán àti ará Kàbà wà ní Àríwá Àárín Gbùngbùn, ipò wọn sì máa ń bá ti Plateau àti Benue rìn. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá ẹkùn jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lásán.

Ẹkùn kẹfà tún wà tí AU fi kún márùn-ún yẹn: àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà lẹ́yìn odi. Ní 2003 ni àwọn olórí fẹnu kò láti pè wọ́n wọnú ọ̀rọ̀ àjọ náà. Ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá lọ sí Bahia àti Cuba wà nínú ẹkùn yìí, ìwé ìrìn-àjò yòówù kó wà lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ìpàdé ẹkùn náà wáyé ní Salvador, ní Bahia gan-an. Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Ṣùgbọ́n nínú ìgbìmọ̀ àwọn olórí, wọn ò ní ìbò. Ìgbìmọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ará ìlú nìkan ni wọ́n ti fún wọn láàyè, àga 20 nínú 150, kò sì sẹ́ni tó ń sọ pé ọdún kan á wà tí ipò alága máa kàn wọ́n. Ẹkùn tí ipò kì í kàn, inú ìwé nìkan ló wà.

Lójú tèmi, kò sí ìdí tí gbogbo àjọ fi gbọ́dọ̀ lo ìpín kan náà. Dókítà tó ń lé àrùn àti mínísítà tó ń wá àga ò lè fi ilà kan náà ṣiṣẹ́. Èyí tí n kò fara mọ́ ni kí wọ́n mú ìpín tí wọ́n fi ka orí, kí wọ́n fi ṣe ìdájọ́ ẹni tí ènìyàn jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá sì jẹ́ ti òṣèlú Áfíríkà, ìpín tí àwọn ọmọ Áfíríkà jókòó ṣe ní 1976, pẹ̀lú gbogbo àléébù rẹ̀, ló yẹ kó borí èyí tí àwọn oníṣirò ṣe ní New York.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ya máàpù Áfíríkà sójú pátákó, ẹ̀yin oníròyìn tí ẹ ń ka ìṣirò fún wa lórí rédíò, a bẹ̀ yín: nígbàkigbà tí ẹ bá pe orúkọ ẹkùn kan, ẹ pe orúkọ àjọ tó pín in mọ́ ọn, kí ẹ sì sọ iye orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀.